Ibi Tí À Ń Fò Nínú Ìwé Fágúnwà

Ó ń dùn mí bí a ṣe ń ka Fágúnwà, pàápàá àwa ará Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ pé Òkè-Igbó wa ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1903. Ẹ bi ẹni tó ti ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ pé kí ló rántí níbẹ̀. Á sọ ti iwin, á sọ ti ìjà, á ròyìn Àkàrà-oògùn, ògbójú ọdẹ inú ìwé náà, títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹ wá bi í léèrè ohun tí Ìrágbèje sọ nínú ilé olójúlé méje. Á panu mọ́. Ó fò ó ni.

Lójú tèmi, ibi tó fò yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Lẹ́yìn gbogbo ìyà tó jẹ àwọn ọdẹ kí wọ́n tó dé Òkè Láńgbòdó tí wọ́n ń lọ, ọjọ́ méje ni wọ́n fi jókòó lọ́dọ̀ Ìrágbèje, tó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n lójoojúmọ́. Ìjà ni ojú òǹkàwé ti mọ̀ látẹ̀yìn wá. Bí ẹ̀kọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò sáré mọ́, ọwọ́ á máa ṣí ìwé síwájú láti wá ibi tí ìjà tún wà. Ọjọ́ méje ni kí ẹ fi kà á. Ọjọ́ kan nínú ìwé, alẹ́ kan nínú ilé, kí ẹ má sì kà kọjá ibẹ̀ rárá.

Ẹ kà á sókè. Fágúnwà á sọ ohun kan, á tún fi àfiwé mìíràn gbé e dìde lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ń fi ojú nìkan kà á á ní àsọtúnsọ ti pọ̀ jù, ṣùgbọ́n etí mọ̀ pé ìlù ni. Kí ẹnì kan kà, kí ẹlòmíràn gbọ́, kí ẹni tó gbọ́ wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ padà láìwo ìwé. Ibi tí kò bá ti lè sọ ọ́ padà ni kí ẹ tún kà.

Ẹ̀dà àtijọ́ ní wàhálà tirẹ̀. Ọdún 1938 ni ìwé náà kọ́kọ́ jáde, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tí à ń lò báyìí. Ẹ lè bá «aiye» pàdé níbi tí ẹ ti ń retí «ayé», tàbí «enia» fún «ènìyàn», «nwọn» fún «wọ́n», «onjẹ» fún «oúnjẹ». Àmì wíwọ́ kan lè wà lórí fáwẹ̀lì, bíi «ãnu». Fáwẹ̀lì méjì ló dúró fún: àánú ni. Àwọn ọmọ tí kò mọ èyí á rò pé àṣìṣe ìtẹ̀wé ni, wọ́n á pa ìwé dé. Ẹ kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mẹ́wàá sára bébà pélébé, kí ẹ fi sáàárín ìwé. Kí ọmọ tó ka ojú ìwé 20, ojú rẹ̀ á ti mọ́ wọn. Níbi tí kò bá sí àmì ohùn, «igba» lè jẹ́ igba, ìgbà, igbá tàbí ìgbá. Ẹ wo gbólóhùn náà dópin kí ẹ tó pè é jáde. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n fi fóònù yà láti inú ìwé: àmì ìsàlẹ̀ máa ń parẹ́, ọkọ á sì di oko.

Àṣà fífò yìí kan náà ló ń ba ìwé Plato, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gíríìsì àtijọ́, jẹ́ mọ́ àwọn tó ń ka fìlọ́sọ́fì lọ́wọ́. Wọ́n á lọ gbé Republic, ìwé mẹ́wàá nínú ẹyọ kan, wọ́n á sì sá kúrò nínú ìwé kìíní. Euthyphro ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, nǹkan bí ojú ìwé 20 péré. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Euthyphro ń pe bàbá tó bí i lẹ́jọ́ ìpànìyàn, ó ní ohun tí òrìṣà fẹ́ lòun ń ṣe. Ọmọ Yorùbá tó bá kà á, inú á kọ́kọ́ bí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Socrates, olùkọ́ Plato, tó ń bá a sọ̀rọ̀ nínú ìwé náà, kò bú ọkùnrin náà. Ó kàn ní kó sọ ohun tí ìwà-bí-Ọlọ́run jẹ́. Ẹ fa ìlà sí àárín ìwé ìkọ̀wé. Ẹ kọ ìdáhùn Euthyphro sí apá òsì, kí ẹ kọ ohun tó wó o sí apá ọ̀tún. Euthyphro ní ohun tí àwọn òrìṣà fẹ́ràn ni. Socrates ní àwọn òrìṣà kan náà ń bá ara wọn jà. Euthyphro ní èyí tí gbogbo wọn jọ fẹ́ràn ni. Socrates bi í bóyá torí pé ó dára ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀, àbí torí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ ló ṣe dára. Ẹ dúró síbẹ̀ kí ẹ jiyàn.

Àwọn nọ́ńbà tó wà létí ìwé Plato, bíi 10a, kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Inú ẹ̀dà tí òǹtẹ̀wé kan tó ń jẹ́ Stephanus tẹ̀ lọ́dún 1578 ni wọ́n ti wá. Òun ló ń jẹ́ kí èèyàn méjì tí ìtumọ̀ ọwọ́ wọn yàtọ̀ bá ara wọn lójú kan náà. Bí wọ́n bá fi «ọ̀rọ̀ Socrates» ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp, ẹ béèrè orúkọ ìwé àti nọ́ńbà rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ síwájú. Socrates fúnra rẹ̀ kò kọ ìwé kankan sílẹ̀.

Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Sophie Olúwọlé, onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, tẹnu mọ́ nìyẹn títí tó fi papò dà lọ́dún 2018. Igbara-Òkè ni wọ́n bí i sí, lójú ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Iléṣà níbí. Ó gbé Socrates àti Ọ̀rúnmìlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àwọn méjèèjì kò fọwọ́ ara wọn kọ nǹkan kan, ẹnu àwọn ọmọlẹ́yìn la ti gbọ́ wọn, ìjìnlẹ̀ èrò sì ni ti àwọn méjèèjì. Ó wù mí kí gbogbo ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní Àkúrẹ́ mọ orúkọ obìnrin yìí.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé ìkọ̀wé onílà yẹn padà sọ́dọ̀ Ìrágbèje. Ohun tó kọ́ àwọn ọdẹ lápá òsì, ìbéèrè tí Socrates ì bá bi í lápá ọ̀tún. Ó ṣeé ṣe kí apá ọ̀tún ṣófo lálẹ́ àkọ́kọ́. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ẹ ka ti ọjọ́ kejì.