Ìbínú nìkan ò lè sọ olórí sẹ́wọ̀n
Ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo pé kí wọ́n ṣáà lọ gbé olórí tó fa ìpakúpa ogun, ẹ rántí Charles Taylor, ààrẹ Làìbéríà nígbà kan. Oṣù kẹfà 2003 ni ilé ẹjọ́ àkànṣe Sierra Leone tú ẹ̀sùn rẹ̀ síta nígbà tó wà ní Gánà. Gánà jẹ́ kó padà sílé. Nàìjíríà tiwa náà gbà á sí Calabar títí di 2006, ìtìjú gbáà! Ní kóòtù, ẹ̀rí pé wọ́n pa èèyàn kọ́ ló le jù, ohun tó so ọ̀gá mọ́ apànìyàn ni. Wọn ò rí i fi hàn pé òun ló ń pàṣẹ fún àwọn RUF, ọlọ̀tẹ̀ tó ń jagun ní Sierra Leone. Ìbọn àti ọta tó ń kó ránṣẹ́ sí wọn ló kó bá a: ẹ̀sùn 11, ẹ̀wọ̀n ọdún 50. Ẹni tó bá ń ya fídíò òkú, kó máa wá ìwé ẹrù ohun ìjà náà.