Ojú Ni Kí Ilé Ìwòsàn Kọ́kọ́ Rà, Kó Tó Kan Apá Rọ́bọ́ọ̀tì

Ilé ìwòsàn tó bá ra rọ́bọ́ọ̀tì oníṣẹ́ abẹ á ránṣẹ́ pe oníròyìn, àwọn ọ̀gá á tò sídìí apá irin rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. A ò bá rọ́bọ́ọ̀tì jà. Láti ọdún 2000 tí FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí da Vinci, rọ́bọ́ọ̀tì tí dókítà fúnra rẹ̀ ń darí, ó ti wúlò gan-an níbi tí àyè kò ti gba ọwọ́ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí dókítà fi ń ríran ló yẹ kí owó kọ́kọ́ bá.

Ẹ wo iṣẹ́ abẹ àpò òróòro. Ihò kéékèèké ni wọ́n ń dá sí ikùn. Kámẹ́rà gba ọ̀kan wọlé, irinṣẹ́ gba ìyókù. Ojú ẹ̀rọ nìkan ni dókítà ń wò. Ọ̀nà tín-ínrín kan ló so àpò náà mọ́ ọ̀nà ńlá tí òróòro ń gbà láti ẹ̀dọ̀ dé ìfun, èyí tín-ínrín yẹn sì ni wọ́n fẹ́ gé. Bí wọ́n bá ti fa àpò náà, ọ̀nà méjèèjì lè tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Ọ̀rá bò wọ́n, ibẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ ta sí dígí kámẹ́rà. Bí ọ̀bẹ bá bá ọ̀nà ńlá, aláìsàn tí kì bá ti máa múra àtilọ sílé á tún padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ.

Lọ́dún 2003, dókítà oníṣẹ́ abẹ Lawrence Way àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ 252 irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ wò. Nínú ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ojú ló tan dókítà jẹ. Ọwọ́ tó já fáfá kò lè gbani lọ́wọ́ ìyẹn, ì báà jẹ́ ọwọ́ irin. Kódà, ọ̀pọ̀ rọ́bọ́ọ̀tì kì í jẹ́ kí dókítà mọ bí okùn tó fi ń rán ara ṣe le tó. Ojú ló fi ń mọ̀ pé ó ti fẹ́ já.

Aró kan wà tó ń jẹ́ indocyanine green, tí Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí láti ọdún 1959. Wọ́n á gún un fún aláìsàn ṣáájú, ẹ̀dọ̀ á gbà á, á dà á sínú òróòro. Bí kámẹ́rà bá tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí sí i, ọ̀nà òróòro á máa tàn yòò lójú ẹ̀rọ. Aró yìí kan náà ń fi hàn bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ẹnu ìfun tí wọ́n fẹ́ so pọ̀. Lóòótọ́, ìmọ́lẹ̀ náà kì í wọnú ẹran jìn, ibi tó bá wú púpọ̀ sì lè dí i. Dókítà ṣì gbọ́dọ̀ tú ibẹ̀ títí yóò fi ku ohun méjì péré tó wọnú àpò náà, ìyẹn ọ̀nà tín-ínrín yẹn àti iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó tó gé nǹkan kan.

Ẹ̀rọ tuntun kì í sì í ṣe ìwòsàn tó dára jù nígbà gbogbo. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2018 lórí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ tí kò tíì tàn fi hàn pé ẹ̀mí àwọn obìnrin tí wọ́n la ikùn wọn gùn ju ti àwọn tí wọ́n gba ihò kékeré ṣiṣẹ́ fún, rọ́bọ́ọ̀tì wà lára rẹ̀.

Nítorí náà, kí ìjọba má fọwọ́ sí owó rọ́bọ́ọ̀tì fún ilé ìwòsàn tí kò tíì ní kámẹ́rà tó ń rí aró yìí àti dókítà tó mọ̀ ọ́n lò. Kí ilé ìwòsàn tó ń béèrè owó náà kọ́kọ́ gbé iye ọ̀nà òróòro tí wọ́n ti ṣèèṣì gé síta. Fídíò iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan náà, inú fáìlì aláìsàn ni kó máa wà, kí wọ́n sì fún un ní ẹ̀dà tó bá béèrè.