Aṣọ skinhead ni mo ń kó jọ, mi ò sì tọrọ gáfárà

Mo fẹ́ràn aṣọ tí àwọn mod àti skinhead, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ méjì tí a fi ìmúra wọn dá mọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀ láti nǹkan bí 1960 títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1970. Mo ń kó wọn jọ, mo sì ń wọ̀ wọ́n jáde. Bí mo bá ti gbé fọ́tò ọ̀kan síbí, ẹnìkan á bi mí pé, "Ṣé kì í ṣe aṣọ àwọn tó ń lé àwọn bàbá wa kiri ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn?" Òun náà ni. Wọ́n lé wọn, wọ́n sì lù wọ́n. Àmọ́ ẹ bá mi tú aṣọ náà wò láti kọ́là dé bàtà, kí ẹ wá ibi tí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti dá nǹkan kan sí i.

Àwọn mod ló ṣáájú. Ọmọ òṣìṣẹ́ lọ́pọ̀ wọn, ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn mìíràn sì jẹ́ ọmọ télọ̀ Júù tí ojú wọn ti là sí aṣọ láti kékeré. Ogun ti tán, owó iṣẹ́ ń wọlé, kò sì sí èyí tó fẹ́ múra bíi bàbá rẹ̀ mọ́. Wọ́n kọ́ súùtù lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì: jákẹ́ẹ̀tì kúkurú oníbọ́tìnnì mẹ́ta, ṣòkòtò tó fún mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n kọ́ ṣẹ́ẹ̀tì lára àwọn olórin jáàsì Amẹ́ríkà. Wọ́n á dúró ti télọ̀, wọ́n á máa bá a jiyàn lórí bí lílà ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì ṣe gbọ́dọ̀ gùn tó. (Ẹni tó bá ti bá télọ̀ já nígbà tí ìnáwó ku ọ̀túnla mọ irú ẹjọ́ yẹn.) Parka tí gbogbo èèyàn fi ń dá mod mọ̀ lónìí, kóòtù àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ni. Ìbòrí lásán ni wọ́n fi ṣe lórí alùpùpù Vespa àti Lambretta, kí òjò àti epo má ba súùtù jẹ́. Mo máa ń rí i kí àwọn akójọ-aṣọ náwó gọbọi lé parka, kí súùtù abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ yẹpẹrẹ. Ìdàkejì gbáà ni.

Nígbà tó fi máa di 1968, àwọn kan nínú mod ti bọ́ sínú irun gígùn àti ẹ̀wù olódòdó. Àwọn tí kò bá wọn lọ gé irun mọ́lẹ̀, wọ́n wọ jíǹsì, wọ́n so okùn ṣòkòtò mọ́ èjìká, wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ bàtà iṣẹ́. Àwọn ló di skinhead. Ta ni wọ́n ń wò? Àwọn ọmọ Jàmáíkà tó ń gbé ládùúgbò wọn. Láti 1948 tí ọkọ̀ Empire Windrush ti gúnlẹ̀ ní Tilbury ni àwọn òbí ọmọ wọ̀nyí ti ń bọ̀. Ṣòkòtò tí kò dé ọrùn ẹsẹ̀, fìlà pork pie, orin ska àti régè, ọ̀dọ̀ àwọn rude boy, àwọn ọ̀dọ́ ìgboro Jàmáíkà, ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Nígbà tí orin Desmond Dekker gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, àwọn skinhead wà lára àwọn tó ń ra àwo rẹ̀.

Ká wá sí orí aṣọ gan-an. Ta ni Ben Sherman tí orúkọ rẹ̀ wà lára ṣẹ́ẹ̀tì? Arthur Sugarman ni, ọmọ Júù láti Brighton, tó gbé Amẹ́ríkà, tó padà wálé, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rán ṣẹ́ẹ̀tì bíi tọ̀hún ní 1963. Fred Perry, ọmọ òṣìṣẹ́ láti Stockport, gba ife tẹ́nísì Wimbledon ní 1934, 1935 àti 1936, ṣùgbọ́n Tibby Wegner, ọmọ Austria tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ló mú òwò aṣọ wá bá a. Dókítà ṣọ́jà Jámánì kan, Klaus Märtens, ló fẹsẹ̀ ṣèṣe ní 1945 tó sì ronú àtẹ́lẹsẹ̀ onífẹ́ẹ́fẹ́. Àwọn Griggs, aránbàtà ní Wollaston ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe bàtà náà, Dr. Martens, jáde ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin 1960, ibẹ̀ ni orúkọ 1460 ti wá. Àwọn tó ń pín lẹ́tà àtàwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ń wọ̀ ọ́. Jákẹ́ẹ̀tì Harrington sì rèé, àwọn tó ń gbá gọ́ọ̀fù ni ilé iṣẹ́ Baracuta ní Manchester rán an fún ní 1937.

Júù, Jámánì, Austria, Ítálì, Amẹ́ríkà, Jàmáíkà. Ẹni tó ń pariwo pé kí àlejò máa lọ kò rán bọ́tìnnì kan níbẹ̀.

Ibi tí èmi àti ọ̀pọ̀ àwọn akójọ-aṣọ ti ń fà á nìyí o. Wọ́n á ní àwọn skinhead 1969 mọ́ tónítóní, àwọn National Front, ẹgbẹ́ òṣèlú ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ló wá ba orúkọ jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Irọ́ ni. Lásìkò tí wọ́n ń jó régè yẹn náà ni àwọn kan nínú wọn ń fi bàtà kan náà gbá àwọn ará Pakistan mọ́lẹ̀ ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù. National Front bá iná lórí ààrò, wọ́n kàn koná mọ́ ọn ni.

Ó sì kan ilé wa. Láyé ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ òbí láti Nàìjíríà tó wá kàwé ń sanwó fún ìdílé òyìnbó láti bá wọn tọ́ ọmọ. Ọ̀kan nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni òṣèré Adewale Akinnuoye-Agbaje. Tilbury ni wọ́n ti tọ́ ọ, èbúté tí Windrush gúnlẹ̀ sí gan-an. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fáyé gbọ́, tó sì fi ṣe fíìmù ní 2018: àwọn skinhead lù ú títí, òun náà wá di ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Yorùbá, nínú ẹgbẹ́ àwọn tó kórìíra aláwọ̀ dúdú! Akójọ-aṣọ tó bá gbọ́ èyí tó tún ń sọ pé "aṣọ ṣáà ni", mi ò ní nǹkan bá a sọ.

Síbẹ̀ mi ò gbé tèmi jù nù, nítorí àwọn kan ti gbà á padà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ní 1979, Jerry Dammers dá ilé iṣẹ́ àwo orin 2 Tone sílẹ̀ ní Coventry, dúdú àti funfun sì jọ dúró lórí pèpéle nínú ẹgbẹ́ olórin The Specials, pẹ̀lú súùtù tó ń dán àti fìlà pork pie. Nígbà tí àwọn Proud Boys, ẹgbẹ́ òṣèlú alákatakítí kan ní Amẹ́ríkà, sọ ṣẹ́ẹ̀tì Fred Perry aláwọ̀ dúdú àti ìyeyè di aṣọ ẹgbẹ́ wọn, ilé iṣẹ́ náà dá títà rẹ̀ dúró ní Amẹ́ríkà ní 2019, wọ́n sì kéde ní 2020 pé àwọn ò ní tà á níbẹ̀ tàbí ní Kánádà. Mi ò bá ilé iṣẹ́ náà wí. Àmọ́ èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi kò ní kúrò níbẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ gan-an ni màá wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí ọjà Katangua ní Èkó láti ṣa òkìríkà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa yí ṣẹ́ẹ̀tì wò lẹ́yìn kẹ́ ẹ tó jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́tìnnì kékeré lẹ́yìn kọ́là, okùn tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, ìṣẹ́po kan tó sọ̀ kalẹ̀ láàárín ẹ̀yìn: bí ẹ bá rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí lébẹ́ẹ̀lì sì ní England ni wọ́n ti rán an, ẹ tètè ya fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Ṣẹ́ẹ̀tì Brutus alápótí-àpótí ni mò ń wá jù. Bí kọ́là rẹ̀ bá ti gbó, màá ṣì sanwó, àmọ́ ẹ má pè mí lówó òyìnbó.