Tíṣà Ká Fíìmù Sílẹ̀

(Tíṣà já wọ ilé ìkàwé tí Màmá ń bójú tó, fóònù lọ́wọ́, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.)

TÍṢÀ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ẹ bá mi gbé fíìmù yìí sórí íntánẹ́ẹ̀tì fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wákàtí méjì péré ni.

MÀMÁ: Níbo lẹ ti rí i?

TÍṢÀ: Netflix. Mo gbé fóònù síwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ká gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

MÀMÁ: Ẹ jẹ́ n wò ó. (Ó tẹ̀ ẹ́.) Ta ló ń hanrun báyìí?

(Ẹni tí ò sùn níwájú fíìmù ẹ̀kọ́ rí, kó sọ̀kò.)

TÍṢÀ: Ẹ fò ó, ibẹ̀ ò pẹ́.

OHÙN ỌMỌDÉ (látinú fóònù): Dádì! Mo ti ṣe tán o! Ẹ wá nù mí!

MÀMÁ: Ṣé èyí náà máa jáde nínú ìdánwò?

TÍṢÀ: Màmá, ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ wọn, n ò ta tíkẹ́ẹ̀tì!

MÀMÁ: Àdéhùn tẹ́ ẹ tẹ “mo gbà” sí ńkọ́, ẹ kà á?

TÍṢÀ: Ta ní í kà á?

MÀMÁ: Wọ́n ní fún ìlò ara yín ni. Dọkumẹ́ńtárì wọn kan wà tí wọ́n yọ̀ǹda fún kíláàsì. Fíìmù ìfẹ́ lẹ ká wá.

TÍṢÀ: Ṣebí òfin Amẹ́ríkà gba tíṣà láyè?

MÀMÁ: Òfin 1976 wọn gbà á bí ẹ bá jọ jókòó lójúkojú nílé ìwé tí kì í ṣe ti èrè, tí ẹ̀dà náà sì bófin mu. Fún orí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin TEACH ti 2002 ní ìwọ̀nba ni, fáwọn tó forúkọ sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ náà nìkan.

TÍṢÀ: Ìwọ̀nba ibo?

MÀMÁ: Ibi tẹ́ ẹ ti lajú.

TÍṢÀ: Ó dáa. Ẹ jẹ́ n kúkú fún wọn ní password. 60 péré ni wọ́n.

MÀMÁ: Háà! Ilé ìkàwé tó bá sanwó Kanopy, ìkànnì tí wọ́n ti ń wo fíìmù, akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé fúnra ẹ̀. Èyí tí onífíìmù gbé sórí YouTube, líǹkì ni kẹ́ ẹ fún wọn. Èyí tí ẹ̀tọ́ onífíìmù lórí ẹ̀ ti tán, ẹ lò ó bó ṣe wù yín. Tó bá jẹ́ Creative Commons, ìyẹn àṣẹ tí onífíìmù fi ń jẹ́ káráyé lo iṣẹ́ ẹ̀, ẹ wo àmì ẹ̀: bẹ́ ẹ bá rí ND, ẹ má pín èyí tẹ́ ẹ ti tún ṣe.

(Fóònù Tíṣà dún.)

OHÙN ÌYÀWÓ: Bàbá Bọ́lá, wọ́n ní èèyàn tó ń wo fíìmù lórí àkáǹtì mi ti pọ̀ jù. Ta ni “Kíláàsì B”?

MÀMÁ: Tíṣà, ẹ fẹ́ fún wọn ni, àbí ẹ ti fún wọn?

TÍṢÀ (kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́): Màmá… aago mélòó lẹ máa ń ti ilé ìkàwé yìí? Ṣé àga yẹn ṣeé sùn?