Hóró igbó kì í pa èèyàn bí ọtí

Ẹnì kan tún gbé e dé lọ́sẹ̀ yìí: àwọn ará òkè Himalaya tí igbó ń lalẹ̀ hù yí ilé wọn ká, ọ̀mugbó ni gbogbo wọn. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi igbó ṣe?" Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Uttarakhand, lápá àríwá Íńdíà, ni mo ti kàwé. Nílé ọ̀rẹ́ mi kan ní Almora, ìyá rẹ̀ da hóró igbó sínú agbada irin, ó yan án títí tó fi ń ta pàrà. Ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ pẹ̀lú ata ṣọ̀ǹbọ̀ tútù àti iyọ̀, ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bhang ki chutney nìyẹn. A fi jẹ ìrẹsì, èèpo hóró ń há sí mi léyín. Ọmọdé jẹ, ìyá àgbà jẹ, kò sẹ́ni tí òòyì kọ́.

Kò lè kọ́ wọn. Òdòdó abo ni oje amúniyó pọ̀ sí, nínú irun wíńníwíńní tó bò ó. Hóró kò ní irun yẹn. Epo tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá rẹ̀, purotéènì tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Òfin oògùn olóró Íńdíà ti 1985 pàápàá yọ hóró sílẹ̀ bí òdòdó kò bá bá a rìn. Ó dáa, hóró tí wọn kò gbọ̀n dáadáa lè ní oje díẹ̀ lára.

Igi rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí èèpo rẹ̀ á fi rọ̀, wọ́n á bó o, wọ́n á lọ́ èèpo náà di okùn tí wọ́n fi ń so màlúù. Òun náà ni wọ́n ń hun di bhangela, aṣọ líle tí wọ́n ń fi rán àpò ọkà. Ní Kullu, ní ìpínlẹ̀ Himachal Pradesh tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Uttarakhand, wọ́n ń fi ṣe bàtà pula, tí wọ́n ń wọ̀ níbi ìjọsìn tí bàtà awọ kò gbọ́dọ̀ dé. Igi tó ṣẹ́ kù, wọ́n á fi dáná.

Wọ́n á ní Malana ńkọ́, abúlé kan ní agbègbè Kullu tó lókìkí fún charas, oje igbó tí wọ́n ń mu? Abúlé kan péré nìyẹn! Wọ́n á ní igi kan náà ṣáà ni. Gbágùúdá tútù ní májèlé, ta ni kì í mu gàrí?

Lọ́dún 2018, ìjọba Uttarakhand fàyè gba gbígbin irú èyí tí èròjà amúniyó rẹ̀ kò ju ìdá 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Nígbà tó di 2021, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Íńdíà gbà kí wọ́n máa ta hóró náà, epo rẹ̀ àti ìyẹ̀fun rẹ̀ ní gbangba. Oúnjẹ ni wọ́n pè é, wọn ò pè é ní oògùn.