Ta ló ní ọ̀kadà kékeré kò lè la orílẹ̀-èdè já?

Ìgbàgbọ́ kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa tí a ń gun alùpùpù àti àwọn tí kò tilẹ̀ gùn ún rí, pé alùpùpù kékeré, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 100cc tàbí 125cc tí a fi ń ṣe ọ̀kadà káàkiri ìgboro, kò lè gbé ènìyàn láti Èkó dé Kánò tàbí láti Ìbàdàn dé Àbújá. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ yóò gbóná kọjá ààlà, yóò sì nọ́ọ̀kì kí ó tó dé ìdajì ọ̀nà. Wọ́n ní àfi kí ènìyàn wá pawa-báìkì tí ń dún bí ààrá, tàbí kí ó wọ mọ́tò bí àwọn yòókù. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ dán irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀ wò, ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ bi í ni pé, “Cc mélòó ni maṣíìnì rẹ?” Ìbéèrè yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú, nítorí pé cc kì í sọ bí alùpùpù ṣe lè rìn jìnnà tó; bí ó ṣe lè yára tó ló ń sọ.

Ohun tí cc ń wọ̀n ni àyè inú ẹ́ńjìnnì níbi tí písítìnì ti ń lọ sókè sódò, tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń jó pọ̀. Bí àyè yẹn bá ṣe tóbi tó ni epo tí ó lè jó lẹ́ẹ̀kan náà ṣe ń pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ sì ni agbára tí yóò ti inú rẹ̀ jáde. Agbára yìí ni a fi ń sáré, òun ni a fi ń gun òkè, òun náà ni a fi ń kọjá ọkọ̀ tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n agbára tí alùpùpù nílò láti máa lọ déédéé ní kìlómítà 50 tàbí 60 láàárín wákàtí kan kéré gan-an ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Atẹ́gùn tí ń ti ẹni tó ń gùn ún sẹ́yìn ni ìdènà tó tóbi jù, ìdènà yìí kì í sì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n-ìwọ̀n: bí ènìyàn bá sọ eré rẹ̀ di ìlọ́po méjì, agbára tí yóò fi la atẹ́gùn náà kọjá yóò di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìdí nìyí tí alùpùpù 100cc fi ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ ní 55, tí yóò sì máa ké bí ẹni tí wọ́n ń fún lọ́rùn bí wọ́n bá ní kó sá 100. Ẹni tí kò bá ní kó sá 100 kò ní ìjà kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀kadà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn. Bí ó bá jáde ní agogo méje àárọ̀ tí ó sì wọlé ní agogo méje alẹ́, tí a yọ wákàtí méjì fún oúnjẹ àti dídúró de èrò, wákàtí 10 ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi ṣiṣẹ́. Ká ní kìlómítà 15 péré ló ń rìn ní wákàtí kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Róòdù àti Òjòó, kìlómítà 150 ló ti rìn kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ dín sí Ìbàdàn sí Ìlọrin. Bí yóò bá fi pé ọjọ́ méje, ohun tó rìn ti tó Èkó sí Kánò. Ẹ má sì gbàgbé pé èrò méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀, àpò gàrí wà lórí táǹkì, òkè Mókọ́lá àti ti Màpó sì ń dúró dè é. Yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e àti ní ọ̀sẹ̀ mìíràn, fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ìgboro Ìbàdàn jìnnà jù fún un.

Àní, iṣẹ́ ìgboro yìí gan-an ló le jù fún ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá wo ara ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà, ẹ ó rí àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn bí ojú-ewé ìwé. Kò sí omi tí ń tù ú lára bíi ti mọ́tò. Atẹ́gùn tó ń gba àárín àwọn irin wọ̀nyẹn kọjá ló ń kó ooru kúrò lára rẹ̀. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, iná ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, alùpùpù dúró sójú kan, atẹ́gùn kò fẹ́, ọwọ́ sì ń mú kílọ́ọ̀ṣì, ó ń jọ̀wọ́ rẹ̀, títí iṣan yóò fi máa ro ènìyàn. Lójú ọ̀nà tó já gaara, atẹ́gùn ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì yẹn kan náà láìdáwọ́ dúró, gíà tó ga jù ló wà, ohùn rẹ̀ kò sì yí padà fún wákàtí kan gbáko. Ẹni tó bá ń dúró ní gbogbo ìdajì wákàtí kí maṣíìnì lè “sinmi” ń fi àkókò ṣòfò ni, àyàfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ nà, èyí tí kò ní àbùkù rárá.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ yìí ti wá? Mi ò rò pé irọ́ ni àwọn àgbà pa fún wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn maṣíìnì tí wọ́n gùn ní ogójì ọdún sẹ́yìn, àwọn Suzuki àti Yamaha tí ń tú èéfín funfun lẹ́yìn, jẹ́ irú èyí tí ọ́ìlì ń bá bẹntiróòlù jó pọ̀. Kò sí ọ́ìlì tó ń dúró nísàlẹ̀ láti máa fi ra ara písítìnì. Èyí tó bá bá epo wọlé ni ó ní. Bí wọ́n bá po ọ́ìlì náà díẹ̀ jù, tàbí tí ẹni tó ń gùn ún bá fi ẹ́ńjìnnì sáré fún ìgbà pípẹ́, písítìnì a wú, a sì há mọ́ ibi tó wà, táyà ẹ̀yìn a dúró gan-an láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé, yóò sì kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó máa jẹ́ kí maṣíìnì sinmi. Ìmọ̀ràn náà bá àwọn maṣíìnì ìgbà náà mu. Àwọn Bajaj Boxer àti TVS tó kún ìgboro lónìí ní ọ́ìlì tiwọn nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, tí ó ń yí po lọ́tọ̀, tí kò sì dara pọ̀ mọ́ epo. Maṣíìnì ti yí padà. Ìkìlọ̀ ló ṣì wà níbi tí wọ́n fi í sí.

Ẹ̀rí kò wọ́n. Ní 2024, ọmọbìnrin Nàìjíríà kan, Ebaide, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Go Ebaide, gun alùpùpù 125cc láti Mombasa ní Kẹ́ńyà títí dé Èkó, òun nìkan, ó sì rin ohun tó lé ní kìlómítà 9,000 kọjá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nígbà tí mo bá sọ èyí, àwọn kan máa ń dá mi lóhùn pẹ̀lú Kunle Adeyanju, ẹni tó gun alùpùpù láti London dé Èkó ní 2022 láàárín ọjọ́ 41 láti kówó jọ fún ìgbógunti àrùn rọpárọsẹ̀. Wọ́n ní alùpùpù tirẹ̀ tóbi. Ó tóbi lóòótọ́, ìyẹn náà ló sì jẹ́ kó yára. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ló dé Èkó. Ṣáájú wọn, ní 2009, Nathan Millward ti gun Honda CT110, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 105cc, láti Sydney dé London. Irú alùpùpù tí àwọn tí ń pín lẹ́tà ń fi ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà nígbà náà ni. Nílé wa níhìn-ín pàápàá, ta ni kò rí àwọn tí ń fi alùpùpù kékeré ru kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù fàyàwọ́ tí wọ́n ń pè ní kpayo láti ẹnubodè lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ẹrù náà yóò ga ju ẹni tí ń gùn ún lọ? (Mi ò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀ o, iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.) Ó tilẹ̀ máa ń pa mí lẹ́rìn-ín pé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan, Okada Air, ni a ti yá orúkọ “ọ̀kadà” fún maṣíìnì tí a ní kò lè rìn jìnnà.

Ohun tí ń pa ẹ́ńjìnnì kékeré lójú ọ̀nà wà, kì í sì í ṣe jíjìn ọ̀nà. Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì. Gbogbo ọ́ìlì tó wà nínú irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀ kò ju bíi lítà kan lọ, nítorí náà èyí tó bá jò tàbí tó bá jó níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Mẹkáníìkì kan sọ fún mi pé nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tó nọ́ọ̀kì tí wọ́n ń gbé wá bá òun, èyí tí kò ní ọ́ìlì tó ló pọ̀ jù, àwọn tó ni ín a sì máa búra pé eré ọ̀nà ló fà á. Ẹni tó ń lọ sí Kánò tí yóò sì padà gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ọ́ìlì kó tó gbéra, kí ó máa fi irin ìwọ̀n wò ó ní àràárọ̀, kí ó sì tún pààrọ̀ rẹ̀ ní Kánò kó tó kọjú sílé. Lẹ́yìn ọ́ìlì, ó kan ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún: ẹni tó bá yí ọwọ́ iná dé òpin láti Ṣàgámù, tí kò sì dá a padà títí dé Ìlọrin, yóò ba ẹ́ńjìnnì yòówù jẹ́. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin agbára rẹ̀ ti tó. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni ejò ń gun àgbọn. Ṣéènì gbígbẹ, fílítà tí eruku ọyẹ́ ti dí, àti ẹrù àpọ̀jù, ìwọ̀nyí náà ní ìpín tiwọn.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ní, “Ṣé o fẹ́ kí àwọn ènìyàn máa gun ọ̀kadà wọ ẹsipirẹ́ẹ̀sì ni?” Rárá o, mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ẹ̀rù ti yẹ kó bà wá gan-an nìyí, mo sì gbà pé cc ní ọ̀rọ̀ sọ níbẹ̀. Alùpùpù tó ń lọ ní 60 lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń kọjá ní 90 àti 100, kò ní agbára tí yóò fi yára bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí tírélà bá ń bọ̀ lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ tírélà nìkan sì lè tì í sínú kòtò. Nítorí náà, ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá kò ti pọ̀ dára fún un ju ẹsipirẹ́ẹ̀sì lọ. Òfin náà tún wà níbẹ̀. Àbújá ti lé ọ̀kadà kúrò ní àárín ìlú láti 2006, Maiduguri ti fòfin de alùpùpù láti 2011, ìjọba Èkó sì fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà láti oṣù kẹfà 2022, lẹ́yìn tí òfin ìrìnnà 2012 ti kọ́kọ́ lé wọn kúrò ní àwọn òpópónà ńlá, tí ó sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn alùpùpù tó ju 200cc lọ. Mo fura pé òfin yìí wà lára ohun tó fún ìgbàgbọ́ náà lókun, nítorí pé nígbà tí òfin bá fa ìlà sí 200cc, ó rọrùn láti rò pé ẹ́ńjìnnì ni ìlà náà ń wí. Ọ̀rọ̀ jàǹbá àti ọ̀rọ̀ ààbò ìlú ló ń wí.

Bákan náà ni ti àwọn ajínigbé. Ọ̀nà tó gba Birnin Gwari lọ sí Kàdúná kò dára fún 1,000cc, kò sì dára fún 100cc. Ẹni tó bá ń lọ sí Àbújá láti ìhà wa lè gba Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀, Ìkàrẹ́ àti Kàbbà yọ sí Lọ́kọ́ja, ní ọ̀sán gangan, lẹ́yìn tó bá ti bi àwọn awakọ̀ tó wà ní ibùdókọ̀ pé báwo ni ọ̀nà ṣe rí ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Alẹ́ kì í ṣe ti alùpùpù rárá. Iná iwájú ọ̀kadà kò fi kòtò han ènìyàn kó tó kó sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbéra ní agogo mẹ́fà àárọ̀ tí ó ń rin kìlómítà 250 lóòjọ́ yóò ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, pẹ̀lú akoto gidi lórí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi han ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lásán. Ìbàdí àti oorun ni yóò kọ́kọ́ sú ènìyàn ní irú ìrìn-àjò yìí, ẹ́ńjìnnì yóò ṣì máa lọ.

Ní ti owó, kò sí àfiwé. Bí wọn kò bá sá a ní ìsákúsàá, lítà bẹntiróòlù kan máa ń gbé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ju kìlómítà 40 lọ, táǹkì Boxer sì ń gba nǹkan bíi lítà 11, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tó bu epo kún táǹkì ní Èkó lè fi dé Jẹ́bà, létí Odò Ọya, kó tó tún wá ilé epo. Tíúùbù tó bá lu, fọkanáísà abẹ́ igi ni yóò lẹ̀ ẹ́. Púlọ́ọ̀gì, wáyà kílọ́ọ̀ṣì, ṣéènì, gbogbo rẹ̀ wà ní Ṣakí, ó wà ní Kàbbà, ó wà ní Mokwa, lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó lè tú ẹ́ńjìnnì Boxer palẹ̀ ní ojú dídì. Táyà pawa-báìkì kò sí ní Mokwa. Ẹni tí tirẹ̀ bá bẹ́ níbẹ̀ yóò tẹ Èkó láago kí wọ́n fi òmíràn ránṣẹ́, kí ó sì tó lè rí ilé tí yóò sùn sí di ọjọ́ kejì, ọ̀kadà ni yóò dá dúró.