Ẹ má fi ẹja túmọ̀ àlejò àwọn Uzbek

Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ẹni tó to òwe Gẹ̀ẹ́sì àti ti Uzbek, ìyẹn àwọn ará Uzbekistan ní àárín gbùngbùn Éṣíà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tó wá ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Òmíràn jọra lóòótọ́. Òyìnbó ní kí káfíńtà wọn pákó lẹ́ẹ̀mejì kó tó gé e. Uzbek ní “Yetti o'lchab, bir kes”: wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀meje, gé e lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ò le.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ti ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́. Òyìnbó ní ẹni tó bá bá ajá sùn, kòkòrò ara ajá ni yóò bá a jí. Ó sún mọ́ àgùntàn tiwa tó bá ajá rìn. Ti Uzbek ni “Qozonga yaqin yursang, qorasi yuqar”: bí o bá ń rìn sún mọ́ ìkòkò, dúdú ìdí rẹ̀ á ràn ọ́ lára. Qozon ni ìkòkò irin ńlá tí wọ́n fi ń se palov, oúnjẹ ìrẹsì wọn. Ta ló kórìíra ìkòkò tó ń bọ́ ilé? Síbẹ̀ ó lè kó àbàwọ́n bá èèyàn. Lójú tèmi, ó jinlẹ̀ ju ti ajá lọ.

Ti àlejò ló wá ká mi lára jù. Òyìnbó ní bí àlejò àti ẹja bá pé ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á máa rùn. Uzbek ní “Mehmon otangdan ulug'”: àlejò ju bàbá rẹ lọ. Bàbá o! Ibi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù lọ nínú yàrá ni ibi ọlá lọ́dọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi àlejò sí. Tí wọ́n bá ń rọ tíì fún un, díẹ̀ ni wọ́n ń rọ sínú ife kékeré tí kò létí, kí wọ́n lè máa rọ ọ́ léraléra. Bí ife bá kún dẹ́nu, àfi bí ẹni pé wọ́n ní kó mu ún kó máa lọ.

Wọ́n tún ní “Mehmon kelar eshikdan, rizqi kelar teshikdan”: àlejò gba ẹnu ilẹ̀kùn wọlé, arísìkí rẹ̀ gba ojú ihò wọlé. Rizq yẹn, arísìkí tiwa gan-an ni. Lárúbáwá ni àwọn àti àwa ti yá a. Oúnjẹ tí Ọlọ́run ti kọ mọ́ àlejò ni, onílé ò lè sọ pé òun lòun ń bọ́ ọ. Ta ló wá fẹ́ fi ẹja tó ti rà túmọ̀ ìyẹn?

Tí ẹ bá mọ òwe tiwa tí arísìkí wà nínú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí fún mi.